Eérú Ń Tọ Ẹni Tó Dà Á: Ta Ni Omi Ìdọ̀tí Ń Tọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú irọ́ kan tí mo pa.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, mo dúró sínú odò Jakara pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó dé orúnkún mi. Mo mú àwọ̀n kékeré kan lọ́wọ́, mo sì fi ìbòmú bo imú. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá dúró létí odò, ó ń kọ ohun tí mo bá pè fún un sínú ìwé. Ọmọ Kánò ni òun, Mùsùlùmí ni, a sì ti jọ wà ní kíláàsì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òjò ò tíì rọ̀ láti oṣù kẹwàá. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ táútáú, àmọ́ odò náà ń ṣàn. Omi rẹ̀ dúdú, ìfófòó ọṣẹ funfun ń léfòó lójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń bá ènìyàn délé nínú aṣọ.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń gbin létúùsì, àlùbọ́sà àti tẹ̀tẹ̀ létí odò náà. Òun ló fi ibi tí ilẹ̀ ti le hàn wá kí ẹsẹ̀ wa má baà rì. Òun náà ló fún wa lómi mímọ́ láti fi fọ ọwọ́. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí ní èdè Hausa pé, “Ọmọ mi, ìwé tí ẹ ń kọ yìí, ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n máa fi lé wa kúrò níbí?” Mo dá a lóhùn pé, “Rárá o, Baba. Iṣẹ́ ilé-ìwé lásán ni.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ tó fi ń fa omi sórí ebè rẹ̀.

Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé bí ohun tí mo ń kọ bá jẹ́ òtítọ́, kò lè jẹ́ iṣẹ́ ilé-ìwé lásán. Ohun tó wá ń yọ mí lẹ́nu ju irọ́ náà lọ ni ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀: ta ni ó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ odò yìí, kí sì ni ẹni tó bá mọ òtítọ́ nípa rẹ̀ jẹ ọmọnìkejì rẹ̀?

Jakara kì í ṣe àlejò nínú ìtàn Kánò. Nítòsí rẹ̀ ni ọjà Kurmi wà, ọjà tí Ọba Muhammad Rumfa dá sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Odò náà gba inú ìlú àtijọ́ kọjá, ó yọ sí apá ọ̀dọ̀ tiwa, ó gba ìhà Nomansland àti Airport Road, ó sì forí lé àríwá ìlà-oòrùn títí ó fi dé dáàmù Jakara ní Wasai. Níbẹ̀, àwọn kan ń pẹja, àwọn mìíràn sì ń fi omi náà bomi rin oko wọn. Ojú irin dé Kánò ní 1911. Ní nǹkan bí 1913 ni ìjọba àwọn òyìnbó ya ilẹ̀ Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ti ilẹ̀ Gúúsù wá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni bàbá bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, tó sì sọ̀ kalẹ̀ síbí. Ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibí ni wọ́n bí èmi náà sí. Odò yìí ni mo sì ń gba orí rẹ̀ kọjá láti kékeré, bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn kọjá, láìbojú wò ó.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara odò le, ọ̀nà méjì ni a ń gbà. Àkọ́kọ́ ni pé kí a wọn ohun tó wà nínú omi. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí. Omi tó mọ́, tó gbóná tó ọgbọ̀n lórí òṣùwọ̀n Celsius gẹ́gẹ́ bí omi ìlú wa ṣe máa ń gbóná, lè di ọ́síjìn bíi mílígíráàmù 7.5 mú nínú lítà kan. Bí iye yìí bá já wá sí ìsàlẹ̀ 5, ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀pọ̀ ẹja. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ 2, ọ̀pọ̀ wọn ò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Ẹ má rò pé májèlé nìkan ló ń mú kí ọ́síjìn tán. Omi ẹ̀wà, ọ̀rá ọbẹ̀, ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹran, gbogbo wọn jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi. Bí àwọn yẹn bá ti ń jẹun ni wọ́n ń mí, bí wọ́n bá sì ti ń mí ni wọ́n ń lo ọ́síjìn tán mọ́ ẹja lọ́wọ́. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù lórí àwo wa ló ń fún odò lọ́rùn pa.

Ọ̀nà kejì ni kí a wo àwọn ẹ̀dá tó ń gbé inú odò. Ìdí ni pé omi tí a bù lónìí, ọ̀rọ̀ òní nìkan ló lè sọ. Ẹni tó bá fẹ́ da ìdọ̀tí lè dúró dalẹ́ kó tó dà á, kí omi àárọ̀ sì mọ́. Àmọ́ kòkòrò tó ti ń gbé inú ẹrẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan rí ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ lóru. Ẹlẹ́rìí tí a kò lè fún ní rìbá ni. Àwọn onímọ̀ ní Bìrìtìkó ti ṣètò kan tí wọ́n fi ń fún ìdílé kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 10. Àwọn ọmọ kòkòrò mayfly kan tí kò lè fara da ìdọ̀tí rárá ń gba 10. Àwọn ìdin pupa tí ẹ̀jẹ̀ ara wọn lè fa ọ́síjìn díẹ̀ jáde nínú omi búburú ń gba 2. Àwọn ekòló inú ẹrẹ̀ ń gba 1. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ẹlẹ́ni àti elélì ló kù nínú àwọ̀n rẹ, o ti mọ irú odò tí o wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ. Nínú àwọ̀n wa, ìdin pupa ni, ekòló tín-ín-rín ni, tanwíjí ni, àti irú ìdin kan tó ní ìrù gígùn tó ń nà sójú omi láti fi mí, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú omi náà kò tó o. Kò sí mayfly. A ò rí ọmọ lámilámi kan ṣoṣo. A ò rí ẹja. Ẹ̀rọ tí a fi wọn ọ́síjìn náà ò sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti àwọn ìdin.

Kí n tó lọ, mo ti mọ ẹni tí màá dá lẹ́bi. Gbogbo ènìyàn ní Kánò ló mọ̀ nípa àwọn ilé iṣẹ́ Bompai, àwọn tó ń ṣe awọ àti àwọn tó ń ṣe aṣọ. Wọ́n ń lo chromium láti fi ṣe awọ, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé omi ìdọ̀tí láti Bompai ń dé Jakara. Mo ti ní gbólóhùn kan lórí fún ìparí iṣẹ́ mi, gbólóhùn tó le nípa àwọn olówó tó ń pa tálákà. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ní kí n ya àwòrán ilẹ̀ ibi tí a ti bu omi, ọwọ́ mi dúró. Odò Getsi ni omi Bompai ń gbà wọ Jakara. Ìsàlẹ̀ ibi tí a dúró sí ni Getsi ti pàdé Jakara. Omi tí mo dúró nínú rẹ̀ kò tíì pàdé omi ilé iṣẹ́ Bompai, ó sì ti ń kú kó tó pàdé rẹ̀.

Mo wá rántí pé oṣù kejì ni. Bí òjò ò bá rọ̀ láti oṣù kẹwàá, tí odò kan sì ń ṣàn, omi ta ni ó ń ṣàn? Omi tiwa ni. Omi ìfọṣọ, omi abọ́, omi ìwẹ̀, omi gọ́tà, omi soakaway tó kún àkúnya, láti inú ìlú àtijọ́ títí dé àdúgbò wa. Ìlú ló ń ṣàn nínú Jakara nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa ni odò náà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Màmá mi ń se oúnjẹ tà ní Sabon Gari níbí: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja díndín, àti sáláàdì fún ẹni tó bá fẹ́. Láti ẹnu iṣẹ́ náà ni owó ilé-ìwé mi ti ń wá. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á da omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò àti abọ́ sínú gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ́síjìn fún wọn, mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wàásù. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, garawa omi abọ́ mẹ́ta tèmi ni ó pa odò? Bí mi ò bá dà á sínú gọ́tà, orí ẹ ni kí n dà á sí? Ṣé ìjọba fún wa ní ibòmíràn ni?”

Mo dákẹ́. Ohun méjì ni ìyá mi sọ yẹn, òtítọ́ sì wà nínú méjèèjì. Àkọ́kọ́: tèmi kéré. Ìkejì: n kò ní ọ̀nà mìíràn. Mo fẹ́ kí a gbé méjèèjì yẹ̀ wò, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan ni a máa ń fi wọ́n gbèjà ara wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé bí màmá mi bá dá omi abọ́ wọn dúró lónìí, ẹja kan ò ní padà wá sí Jakara lọ́la. Ẹnikẹ́ni tó bá wọn odò náà kò ní rí ìyàtọ̀. Ṣé ohun tí a kò lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ àìdáa? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní rárá. Àmọ́ ẹ wo ibi tí èsì yẹn ń gbé wa lọ. Bí garawa tèmi kò bá jẹ́ nǹkan, ti aládùúgbò mi náà kò jẹ́ nǹkan, ti ẹni tó tẹ̀ lé e kò jẹ́ nǹkan, títí a ó fi ka gbogbo ilé tán. Ní ìparí rẹ̀, a ó ní odò tó kú, a kò sì ní rí ẹnikẹ́ni tó pa á. Ìyẹn ò lè jẹ́ òótọ́, nítorí kò sí nǹkan mìíràn tó pa á ju àwọn garawa yẹn lọ. Tí ẹni ogún bá gbé òkúta kan ṣoṣo ṣoṣo sórí ọmọdé tí ọmọ náà sì kú, a kì í sọ pé òkúta kò pa á. Kékeré tiwa kì í ṣe òfo. Ìpín ni. Ìpín sì ní ẹni tó ni ín.

Àwọn baba wa ní eérú ni ń tọ ẹni tó dà á. Ọgbọ́n ńlá ni òwe yìí, àmọ́ mo ti rí i pé ó ní ibi tó mọ. Ẹni tó bá da eérú sójú afẹ́fẹ́, ojú ara rẹ̀ ni yóò padà sí, nítorí náà yóò kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí kì í tọ ẹni tó dà á. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń tọ̀. Omi abọ́ ìyá mi kì í padà sí Sabon Gari. Ó ń lọ bá bàbá àgbẹ̀ lórí ebè rẹ̀, ó ń lọ bá apẹja ní Wasai, àwọn ènìyàn tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọn kò sì mọ tiwa. Bó bá jẹ́ pé eérú ni, gbogbo wa ì bá ti jẹ́ ọmọlúàbí tipẹ́. Ìgbà tí ìwà wa kò lè padà wá bá wa ni a máa ń mọ irú ènìyàn tí a jẹ́.

Ìtàn Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi èyí hàn mí. Ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, inú odò Thames ni ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí gbogbo ìlú náà ń lọ. Wọ́n mọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Odò Thames kò dà bíi Jakara, nítorí pé omi òkun máa ń tì í padà sẹ́yìn lójoojúmọ́, kí ìdọ̀tí tún gba iwájú ìlú kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1858, òórùn náà wọ inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà létí odò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ṣe òfin, owó sì jáde láti kọ́ ojú ọ̀nà omi ìdọ̀tí lábẹ́ ilẹ̀. Síbẹ̀, ní 1957, àwọn onímọ̀ tún kéde pé apá kan odò náà ti kú. Wọ́n tún ṣiṣẹ́ sí i, lónìí ẹja ti padà sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí mú níbẹ̀: odò tó kú lè jí, àti pé àwọn aláṣẹ kì í sáré títí eérú yóò fi dé ojú tiwọn. Omi òkun kò lè ti Jakara padà sójú wa. Ẹ̀rí ọkàn wa ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ kejì tí ìyá mi sọ: n kò ní ọ̀nà mìíràn. Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gọ́tà yẹn nìkan ló wà. Kò sí páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí láti àdúgbò wa lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Ṣé a lè sọ pé ẹni tí kò ní ọ̀nà méjì jẹ̀bi nítorí pé ó gba ọ̀kan tó wà? Mo ti rò ó títí, èrò mi sì ni pé rárá. N kò lè dá ìyá mi lẹ́bi. Àmọ́ ẹ̀bi yàtọ̀ sí gbèsè. Bí ọmọ mi bá ṣèèṣì fọ́ fèrèsé aládùúgbò, èmi kọ́ ni mo jẹ̀bi, síbẹ̀ èmi ni màá lọ kí wọn, èmi ni màá sì san án. Ara Samáríà inú Lúùkù orí kẹwàá kò jẹ̀bi ohun tí àwọn olè ṣe. Kò dá ọgbẹ́ kankan sára ọkùnrin náà. Síbẹ̀ ó jẹ ẹ́ ní òróró, ọtí wáìnì, ẹran ìgùn àti owó ilé ìtura, nítorí pé ó ti rí i. Àlùfáà àti ọmọ Léfì náà kò jẹ̀bi ọgbẹ́ náà. Bóyá ohun tí wọ́n sọ lọ́kàn wọn bí wọ́n ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá fún ogún ọdún. Nígbà tí n kò mọ̀, bóyá mo ní àwáwí. Nísinsìnyí tí mo ti fi àwọ̀n kó ìdin odò náà sínú ìgò, n kò ní àwáwí mọ́.

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí n kò kíyè sí rí kó tó di ọdún yìí. Nínú Esekíẹ́lì orí 34, ẹsẹ 18 àti 19, Olúwa ń bá àwọn àgùntàn tó sanra wí. Ẹ̀sùn tó fi kàn wọ́n ni pé wọ́n mu omi tó tòrò, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ da ìyókù rú, kí àwọn àgùntàn yòókù wá máa mu ohun tí wọ́n ti dà rú. Ẹ wò ó dáadáa. Olúwa kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n mu omi. Ohun tó bí i nínú ni ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bóyá àgùntàn kọ̀ọ̀kan nínú agbo náà lè sọ pé ẹsẹ̀ mẹ́rin tèmi nìkan kò lè da odò rú. Olúwa kò gba ìyẹn gbọ́. Ó ní òun yóò ṣe ìdájọ́ láàárín àgùntàn àti àgùntàn.

Àmọ́ mi ò tíì dáhùn ìbéèrè Baba. Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Létúùsì tí ìyá mi fi ń ṣe sáláàdì, láti etí odò yẹn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá. Bí mo bá sọ òtítọ́, ta ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó ní ilé iṣẹ́. Kì í ṣe ẹni tó yẹ kó kọ́ ojú ọ̀nà omi. Bàbá tó fún mi lómi láti fọ ọwọ́ ni. Ó rọrùn láti lé àgbẹ̀ kan ju láti tún gọ́tà ìlú ṣe lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi purọ́ fún un: mo rò pé mo ń dáàbò bò ó. Nígbà tí mo gbàdúrà lórí rẹ̀, mo rí i pé ara mi ni mo ń dáàbò bò, kí n má baà wo ojú rẹ̀. Òtítọ́ tí a fi pamọ́ fún ẹni tó kàn kì í ṣe àánú. Omi yẹn ń kan ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ nínú ohun tó ń gbìn.

Nítorí náà mo padà lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Mo tọrọ àforíjì. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé lásán, mo sì sọ ohun tí a rí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Kí o tó wá, mo mọ̀ pé omi náà kò dára. Ta ló fẹ́ràn rẹ̀? Kò sí omíràn ni.” Ọ̀rọ̀ ìyá mi náà ni, láti ẹnu ẹlòmíràn, ní èdè mìíràn. Ẹni tó wà lókè odò àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ ohun kan náà.

A bá a sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣeé ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìlànà kan jáde ní 2006 lórí fífi omi ìdọ̀tí bomi rin oko láìpa ènìyàn lára, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ kan sì ti gbìyànjú nínú àwọn ìlú Gánà. Kí a gbẹ́ kòtò kí omi kọ́kọ́ silẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹyin aràn lè rì sísàlẹ̀. Kí a da omi sí ìdí ewéko, kí ó má kan ewé. Kí a dá omi dúró fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìkórè kí oòrùn lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Kí ẹni tó rà á náà tún fọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò lè mú chromium kúrò, wọn kò sì lè jí odò. Àmọ́ wọ́n lè dín àìsàn kù. Ó ní òun á dán ti ìdí ewéko wò lórí ebè méjì. Màmá mi ti dá sáláàdì dúró ní tiwọn, tẹ̀tẹ̀ tí a ń sè ni wọ́n ń rà báyìí. Mo mọ̀ pé èyí já owó díẹ̀ gbà lọ́wọ́ Baba, mi ò sì lè sọ fún yín pé ọkàn mi balẹ̀ pátápátá lórí rẹ̀. Wọ́n tún ti gbé ike kan sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù: ọ̀rá àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń lọ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó fọ abọ́, ẹni tó ń sin ẹran sì ń wá kó oúnjẹ náà. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ìwàásù mi o, àmọ́ pé ọ̀rá ń dí gọ́tà.

Mo mọ̀ pé ike kan kò lè wo odò sàn. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 2, nígbà tí àwọn ará Jẹ́ríkò fi ọ̀rọ̀ omi búburú wọn lọ Èlíṣà, kò tọ̀ wọ́n láti ilé dé ilé láti bu iyọ̀ sínú ìkòkò wọn. Ó lọ sí orísun omi náà, ibẹ̀ ló da iyọ̀ sí. Orísun omi Jakara nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni gọ́tà ìlú, ọwọ́ àwọn aláṣẹ sì ni ìyẹn wà. A gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí a sì béèrè bẹ́ẹ̀ náà nípa Bompai. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àwọn ará ìlú náà ló wá bá wòlíì. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ pé ìlú wa dára, ṣùgbọ́n omi wa kò dára. Bí gbogbo wọn bá ti ń fi imú pa mọ́ kọjá bíi tèmi, ta ni ìbá pe Èlíṣà?

Ẹ̀yin ará, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni a ń kọrin nípa odò ìyè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba orí odò kan kọjá kí a tó dé ibi tí a ti ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru wa, a máa ń gbá ọ̀rá omi pure water jọ, a sì máa ń gbá wọn sí gọ́tà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a máa bi ara wa kì í ṣe pé, “Ṣé tèmi ló bà á jẹ́?” Ìbéèrè náà ni pé, “Ta ló ń gbé ní ìsàlẹ̀ ohun tí mo dà yìí?” Kì í ṣe omi nìkan ni à ń dà. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa ẹnì kan, ìdánwò tí a jí wò, iṣẹ́ tí a ṣe ní àbọ̀, gbogbo wọn ló ní ẹni tó wà nísàlẹ̀ wọn.

Àwọn àgbà tún ní ẹni tó da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní Sabon Gari, omi tí à ń dà síwájú kì í ṣe ẹsẹ̀ tiwa ló máa tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ Baba ni. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́ láti da èyí tó mọ́.